Ẹlòmíì Ló Wà Nínú Bàbá Mi

Àǹtí mi ló kọ́kọ́ là á mọ́lẹ̀. Àbúrò bàbá mi obìnrin ni, Ṣángíṣà ló ń gbé, bó bá sì fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ tó wúwo, gèlè ló máa kọ́kọ́ tú. Ó tú gèlè lọ́jọ́ náà, ó ká a lé itan, ó ní, "Ẹ̀yin èèyàn yìí, ẹ má tan ara yín. Ẹlòmíì ló wà nínú bọ̀ọ̀dá mi. Ojú ẹ̀ lẹ̀ ń rí yẹn, òun kọ́."

Bó ṣe ń sọ ọ́, bàbá mi wà nínú pálọ̀ níbẹ̀, ó ń gbọ́ gbogbo ẹ̀ ketekete, kò sì fèsì. Ìyẹn ló bí mi nínú ju ọ̀rọ̀ Àǹtí lọ. Inú mi máa ń tètè bí, mi ò ní purọ́, àwọn oníbàárà tó ń wá ṣe fọ́tòkópì ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Kétu náà mọ̀. Mo dúró kí Dádì pariwo mọ́ ọn, kó ní, "Gbẹ́nu ẹ sóhùn-ún!" bó ṣe máa ń sọ fún un láti kékeré. Ó kàn tẹjú mọ́ ògiri ni.

Ẹ jẹ́ n sọ irú ẹni tí bàbá mi jẹ́. Tíṣà sáyẹ́ǹsì ni kó tó fẹ̀yìn tì. Láti Ṣakí ló ti wá sí Èkó, ó kọ́ ilé kékeré kan sí Ìkòsì, àwọn ayálégbé wà nísàlẹ̀, òun àti Mọ́mì wà lókè. Ọkùnrin yìí fẹ́ràn kíkí èèyàn ju oúnjẹ lọ. Láti ilé wa dé ibi tí wọ́n ti ń ta ìwé ìròyìn ní jọ́ńkíṣọ̀n, ìrìn ìṣẹ́jú márùn-ún ni. Dádì á fi wákàtí kan rìn ín. Á kí bíríkìlà pé ẹ kú iṣẹ́, á kí ẹni tó jókòó jẹ́jẹ́ pé ẹ kú ìjókòó, á yọjú sí ṣọ́ọ̀bù onídìrí pé ojú gbooro o, á tún padà sẹ́yìn nítorí pé ó gbàgbé láti béèrè ọmọ ẹnì kan tí ara ẹ̀ ò yá. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, tá a bá jọ jáde, ṣe ni mo máa ń fa aṣọ ẹ̀ pé, "Dádì, ẹ jẹ́ ká máa lọ jọ̀ọ́."

Nǹkan kejì tó fẹ́ràn ni eré tẹlifíṣọ̀n àwọn Gẹ̀ẹ́sì kan, láyé ìgbà tí kò tíì sí àwọ̀ nínú tẹlifíṣọ̀n, apá mẹ́fà. Ìgbà tó wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn tíṣà ló wò ó, gbogbo wọn á kóra jọ síwájú tẹlifíṣọ̀n kan ṣoṣo tí ilé-ìwé ní. Nínú eré náà, nǹkan kan já bọ́ láti ojú ọ̀run síbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta ní abúlé kan. Kò lè dá wà láàyè, torí náà ó ní láti wọ inú èèyàn. Ó wọ inú ẹnjiníà kan, ó gba ojú ẹ̀, ó gba ohùn ẹ̀, ó ń jẹ́ orúkọ ẹ̀, ìyàwó ọkùnrin náà ò mọ̀. Láti ara ẹnjiníà ló ti ń bọ́ sára àwọn ẹlòmíì. Láàárọ̀ Sátidé, tí Dádì bá ń fọ aṣọ, ló máa ń sọ ìtàn náà fún èmi àtàwọn ẹ̀gbọ́n mi, ìfófò ọṣẹ á kún ọwọ́ ẹ̀ dé ìgúnpá. Ó tó apá kẹrin kí dókítà abúlé ọ̀hún tó fura, nígbà tó rí i pé ẹnjiníà ń bu ṣúgà sí tíì, ẹni tí kì í mu ún pẹ̀lú ṣúgà látijọ́. Tí Dádì bá dé ibẹ̀, á pòṣé.

"Apá kẹrin! Ká ní Ìkòsì ló bọ́ sí, ṣé á pẹ́ tó bẹ́ẹ̀? Ẹ jẹ́ kó kọjá lára ìyá àgbà kan láìkí i, kíá ni wọ́n á ti mú un. Wọ́n á ní, ẹni tá a mọ̀ kọ́ nìyí o!"

A máa ń rẹ́rìn-ín títí ikùn á fi máa dùn wá.

Lọ́dún tó kọjá, nígbà tí òjò ń rọ̀ lójoojúmọ́, Dádì gan-an wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá lára èèyàn láìkí wọn. Aránṣọ tó ń gbé ìsàlẹ̀ ló kọ́kọ́ rí i. Ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ tútù láàárọ̀, eékún méjèèjì, ó ní ẹ káàárọ̀ sà. Dádì kọjá bíi pé kò sẹ́nì kan níbẹ̀, ó kù díẹ̀ kó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Aránṣọ ní bóyá wọ́n ń ronú ni. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, kò sọ bóyá mọ́. Ọmọ iléèwé kan dọ̀bálẹ̀ fún un lẹ́nu géètì, ó wà nílẹ̀ níbẹ̀, ó ń dúró kí bàbá dáhùn, bàbá ti dé jọ́ńkíṣọ̀n. Níbi ìpàdé àwọn onílé, ọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́lé sí àdúgbò wa nà gbalaja fún un pẹ̀lú agbádá funfun. Dádì gba orí ẹ̀ wo ẹlòmíì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá onítọ̀hún sọ̀rọ̀.

Èyí tó wá ba àwọn èèyàn lẹ́rù ni ti àwọn ọlọ́kadà. Àwọn yẹn kì í kúnlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Orí ọ̀kadà ni wọ́n á wà, wọ́n á na ọwọ́ sókè, wọ́n á ní, "Twálè, Dádì!" Dádì á rẹ́rìn-ín, á juwọ́ sí wọn, á béèrè ará ilé. Ṣé ẹ wá rí i? Ká ní ìgbéraga lásán ni, àwọn ọlọ́kadà ni ì bá kọ́kọ́ fojú tẹ́ńbẹ́lú. Àmọ́ àwọn tó ń bọ̀wọ̀ fún un gan-an ló ń kọ ẹ̀yìn sí. Àǹtí ní ohun tó wà nínú ẹ̀ ò fẹ́ rí eékún nílẹ̀, pé ẹ̀mí burúkú kì í fẹ́ kí wọ́n bu ọlá fún ẹni tó bá wọ̀. Àwọn ará àdúgbò mi orí, wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni.

Yàtọ̀ sí ìyẹn, ó ń ṣubú. Ó fẹsẹ̀ ta búùtà àlùwàlá tó fọwọ́ ara ẹ̀ gbé kalẹ̀ dànù, ó tàsé àtẹ̀gùn, ó já sínú gọ́tà níṣojú gbogbo ayé. Mọ́mì ní ṣe ló dà bíi pé wọ́n ń tì í.

Ohun tí wọ́n wá fẹnu kò sí ni pé láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, Àǹtí, tó ti bá ọkọ ẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì láti ọjọ́ pípẹ́, máa gbé Dádì lọ sórí òkè àdúrà. Ọjọ́ méje, láìjẹ láìmu. Oògùn ńkọ́? Wòlíì ṣọ́ọ̀ṣì Àǹtí ní kí wọ́n fi oògùn sílẹ̀ nílé. Ẹ gbọ́ mi dáadáa o: bàbá mi ní ìtọ̀ ṣúgà. Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tó ti ń lo oògùn. Ààwẹ̀ Rámádánì gan-an, dókítà ti ní kó má gbà á mọ́, ṣe ló ń bọ́ aláìní dípò ẹ̀, ó sì máa ń dùn ún. Ọjọ́ méje láìmu omi, láìlo oògùn! Òkú ni wọ́n máa gbé sọ̀kalẹ̀ fún wa.

Mo pariwo mọ́ Àǹtí, mo gbàgbé pé ó jù mí lọ. Mo ní, "Àǹtí, tí nǹkan kan bá ṣe bàbá mi lórí òkè yẹn, mi ò ní mọ̀ yín mọ́ láyé."

Omi bọ́ lójú ẹ̀. "Ṣé o rò pé mi ò fẹ́ràn ẹ̀ ni? Ta ló rán mi níléèwé? Ta ló dúró bíi bàbá fún mi níbi ìgbéyàwó mi? Bọ̀ọ̀dá mi ni mò ń wá kiri yìí."

Kò sí irọ́ níbẹ̀. Mo wo Mọ́mì. Mọ́mì, tí òun àti Àǹtí kì í sábà gbọ́ ara wọn yé, ní, "Ó ti rẹ̀ mí, ọmọ mi. Lánàá tó ti ìta wọlé, mo kúnlẹ̀ kí i, ó kọjá lára tèmi náà."

Mo yíjú sí Dádì fúnra ẹ̀. Mùsùlùmí tí kì í pa ìrun jẹ ni, ẹni tó ti ń fi òkè àdúrà Àǹtí ṣe yẹ̀yẹ́ láti nǹkan bí ogún ọdún. Mo ní, "Dádì, ẹ sọ fún wọn pé ẹ ò lọ."

Ó ní, "Màá lọ." Bẹ́ẹ̀ ló kàn wí, ó sì dìde lọ sí yàrá ẹ̀, ó ń fọwọ́ tọ ògiri.

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, mo ti ṣọ́ọ̀bù pa. Mo ti wá eré tẹlifíṣọ̀n ẹ̀ yẹn rí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, apá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, mo dà á sínú fláàṣì. Ọgbọ́n tí mo dá ni pé tó bá wò ó, tí inú ẹ̀ dùn díẹ̀, màá fìyẹn bẹ̀ ẹ́ kó má lọ. Mọ́mì ò sí nílé, èmi àti ẹ̀ nìkan ni.

Ó fa àga sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n gan-an. Bí orin ìbẹ̀rẹ̀ ṣe dún báyìí, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ibo lo ti rí i? Háà, ọmọ yìí!" Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. A wo apá kìíní, a wo ìkejì. Ní apá kẹta, nǹkan ọ̀hún jáde lára ẹnjiníà, ó ń wọ́ nílẹ̀ bí ògì tó dànù, ó ń lọ síbi ẹsẹ̀ ọlọ́pàá kan. Nígbà tí Dádì bá ń sọ ibí yìí fún wa láyé àtijọ́, ó máa ń ká ẹsẹ̀ méjèèjì kúrò nílẹ̀. Mo ká tèmi sókè. Dádì ò mira. Àfìgbà tí ọlọ́pàá náà kígbe nínú tẹlifíṣọ̀n ló tó ta gìrì.

"Kí ló ṣe é?" ló bi mí.

"Dádì, nǹkan yẹn ti dé ẹsẹ̀ ẹ̀ kẹ̀."

"Nǹkan wo? Ṣé ó ti jáde ni?"

Mo rò pé ọkàn ẹ̀ ti wà lórí òkè, pé kò wo nǹkan kan. Mo pa tẹlifíṣọ̀n. Ó dìde pé òun fẹ́ lọ kírun, mo sì lọ dúró síwájú ẹ̀, mo wò ó lójú, òun náà ń wò mí. Mo bá kúnlẹ̀ láti bẹ̀ ẹ́.

Ojú ẹ̀ yí padà. "Ó tán," ló ní. "Ìwọ náà!" Ọwọ́ ẹ̀ méjèèjì nà síwájú, ó ń wá mi níbi tí orí mi wà tẹ́lẹ̀, nínú afẹ́fẹ́ lásán. "Jọ̀ọ́, má lọ. Ìwọ má lọ."

"Dádì, èmi rèé."

Ó wo ẹnu ọ̀nà. Ó wo fèrèsé. "Níbo?"

"Iwájú yín níbí. Mo kúnlẹ̀ ni."

Ọwọ́ ẹ̀ rọra sọ̀kalẹ̀ títí ó fi kàn mí lórí. Ó di irun mi mú, ó dì í débi pé ó ń dùn mí, mi ò sì sọ fún un pé ó ń dùn mí.

Mo dìde, ó rí mi. Mo kúnlẹ̀, mi ò sí mọ́. Mo dìde, mo tún kúnlẹ̀, bí ọmọ iléèwé tí tíṣà ń fìyà jẹ, ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ìgbà yẹn ni bàbá mi padà jókòó, tó sọ ohun tó ti ń gbé mì láti bí oṣù mẹ́rin.

"Wọ́n máa ń pòórá," ló ní. "Màá rí ọmọ kan tó ń bọ̀, màá rí ojú ẹ̀ dáadáa, màá ti fẹ́ kí i, kí n tó la ẹnu, kò sí níbẹ̀ mọ́. Màá wá gbọ́ ohùn: ẹ káàárọ̀ sà. Mi ò rí ẹnu tó sọ ọ́. Nígbà àkọ́kọ́, mo dúró wá a. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀rù ò jẹ́ kí n dúró mọ́, ṣe ni mo ń yára kọjá. Mo kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì fún ọgbọ̀n ọdún. Mo mọ ohun tí wọ́n ń pe ọkùnrin tó bá ń rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀."

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún wa?"

"Kí n sọ kí ni? Ẹni tí nǹkan inú eré yẹn bá wọ̀, òun fúnra ẹ̀ kì í mọ̀. Mo ní bóyá òótọ́ ni àbúrò mi ń sọ. Bóyá èmi tí mò ń bá ẹ sọ̀rọ̀ yìí, èmi kọ́."

Mi ò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ẹ̀ rí láyé mi. Mo dì mọ́ ọn. Mo ní, "Dádì, ẹ̀yin ni. Ẹ̀yin gan-an ni. Ojú yín ló ní nǹkan kan. Ẹ jẹ́ ká lọ síbi tí wọ́n ti ń wo ojú láàárọ̀ ọ̀la. Tí wọ́n bá ní kì í ṣe ojú, èmi fúnra mi màá bá yín gun òkè." Ó ní ṣé màá dúró ti òun níbẹ̀. Mo ní irú ìbéèrè wo nìyẹn.

Aago méje àárọ̀ Jímọ̀, a ti jáde. Mọ́mì tẹ̀ lé wa dé ẹnu géètì. "Kí ni kí n wí fún Àǹtí ẹ?"

"Ẹ ní kí wọ́n jókòó dè wá."

"Jókòó? Àǹtí ẹ yìí?" Ṣùgbọ́n ó ṣí géètì fún wa.

Ọsibítù Gbàgádà la lọ. Dókítà tó rí wa, obìnrin tó kéré sí mi lọ́jọ́ orí ni. Wọ́n ní kí Dádì gbé àgbọ̀n lé ẹ̀rọ kan, kó máa tẹ bọ́tìnnì nígbàkígbà tó bá rí iná tó ṣẹ́jú. Mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́, mò ń gbọ́ bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó yá ọwọ́ ẹ̀ dákẹ́, ó dákẹ́ pẹ́, mo rò pé oorun ti gbé e lọ. Iná ṣì ń tàn o. Kò rí i ni.

Dókítà tẹ́ ìwé méjì síwájú wa, ti ojú ọ̀tún àti ti òsì. Òkè wọn funfun, ìsàlẹ̀ wọn dúdú bí ìdí ìkòkò. Ó ní agbára omi inú ojú ti pọ̀ jù, ó ń tẹ iṣan ojú mọ́lẹ̀, ó ti pẹ́ tó ti ń pa á díẹ̀díẹ̀. Kì í dunni, ìdí nìyẹn tí èèyàn kì í fi í tètè mọ̀. Ó ní èyí tó ti lọ ò ní padà wá. Ó sọ ọ́ tààrà, mo sì fẹ́ràn ẹ̀ fún ìyẹn. "Ṣùgbọ́n èyí tó kù pọ̀, Dádì. Tẹ́ ẹ bá ń kán oògùn yìí sójú láràárọ̀ àti lálaalẹ́, tẹ́ ẹ ò fi ọjọ́ kan jẹ, tẹ́ ẹ sì ń wá ká máa yẹ̀ ẹ́ wò, a máa sa gbogbo ipá wa ká dì í mú."

Dádì gbọ́ gbogbo ẹ̀ dópin, ó fara balẹ̀ bí ẹni tó ń máàkì ìwé. Lẹ́yìn náà ló wá ní, "Dókítà, àwọn tó ń pòórá ńkọ́?"

Ọmọbìnrin náà wò mí, kò yé e. Mo la ẹnu láti ṣàlàyé, gbogbo ẹ̀ bá já lù mí lẹ́ẹ̀kan náà. Aránṣọ. Ọmọ iléèwé. Alágbádá funfun. Mọ́mì. Àwọn ọlọ́kadà tí kì í kúnlẹ̀! Olúwa mi o. Oṣù mẹ́rin ló ti wà níwájú wa tí a ò rí i, àwa tí ojú wa dá ṣáṣá.

"Dádì, wọn ò pòórá. Wọ́n ń kúnlẹ̀ ni. Wọ́n ń dọ̀bálẹ̀ fún yín. Tí wọ́n bá ti lọ sílẹ̀, ojú yín ò ká wọn mọ́."

"Wọ́n ń kí mi?"

"Wọ́n ń kí yín."

"Gbogbo wọn?"

"Gbogbo wọn, Dádì. Ojoojúmọ́."

Ó ṣí fìlà, ó fi bo ojú, èjìká ẹ̀ ń mì. Dókítà fẹ́ sọ̀rọ̀, mo fọwọ́ júwe fún un pé kó jẹ́ kó sunkún ẹ̀. "Mo rò pé gbogbo yín ti ń fi mí sílẹ̀ ni," ló ń wí nínú fìlà. Èmi náà ò lè mú un mọ́ra mọ́, mo sunkún débi pé dókítà fún mi ní páálí tíṣù ẹ̀ tán.

Nígbà tá a padà dé Ìkòsì, ọ̀sán ti pọ́n. Àǹtí wà ní fàráńdà ìsàlẹ̀, ó jókòó ti báàgì tó kó aṣọ Dádì sí, gèlè ti wà lórí itan. Aránṣọ wà nídìí máṣíìnì ẹ̀, Mọ́mì dúró tì í. Àǹtí fò dìde mọ́ mi. "Níbo lo gbé e lọ? Ṣé o fẹ́ pa á ni?"

Mi ò bínú lọ́tẹ̀ yìí. Mo tẹ́ ìwé dókítà sórí báàgì, mo fi ìka tọ́ ọ sí i, ibi funfun, ibi dúdú. Mo sọ fún un pé ẹnikẹ́ni tó bá ti kúnlẹ̀ níwájú bọ̀ọ̀dá ẹ̀, inú dúdú yìí ló ń bọ́ sí. Ó tẹjú mọ́ ìwé yẹn. Ó ní, "Lọ́jọ́ Iléyá tí mo kúnlẹ̀ kí i, tí kò dá mi lóhùn…" Mi ò mọ̀ títí di ọjọ́ náà pé Dádì ti ṣe é sí Àǹtí rí. Oṣù mélòó ló fi gbé ìyẹn sínú?

Ó yíjú sí Dádì tó dúró lẹ́nu àtẹ̀gùn, ó sì kúnlẹ̀. "Bọ̀ọ̀dá, ẹ má bínú."

Ojú Dádì ni mò ń wò. Mo rí ẹ̀rù yẹn tó kọjá lójú ẹ̀ bí Àǹtí ṣe lọ sílẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ kan bíi kó yára kúrò níbẹ̀. Ó wá dúró. Ó tẹ ọrùn ba, díẹ̀díẹ̀, àgbọ̀n ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àyà, ó ń wá gbogbo ilẹ̀ bí ẹni tí abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, títí ojú ẹ̀ fi dé ọ̀dọ̀ àbúrò ẹ̀.

"Ẹ̀n-ẹ́n," ló ní. "Ìwọ rèé. Dìde, mo ti rí ẹ."

Àǹtí ò dìde. Ó di ẹsẹ̀ ẹ̀ mú, ó ń sunkún. Aránṣọ fi aṣọ tó ń rán sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ nídìí máṣíìnì. Mọ́mì kúnlẹ̀. Àwọn ayálégbé tó kù tó ti jáde wá wòran náà ń lọ sílẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, "Ẹ káàbọ̀ sà, ẹ káàbọ̀ sà," Dádì sì ń yí ọrùn kiri láàárín wọn, omijé àti ẹ̀rín dà pọ̀ lójú ẹ̀, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè.

"Ẹ rọra o," ló ní. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe é lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo fẹ́ rí gbogbo yín."